Ọjọ́ Mẹ́ta Lórí Ìgbésẹ̀ Kan

Kí n tó sọ ohunkóhun, oníbìínú ni mí. Kì í ṣe irú ìbínú tí èèyàn ń gbé mì bí oògùn. Tèmi máa ń hàn sí gbogbo ayé. Bí mo bá ń ta ṣẹ́ẹ̀sì lórí fóònù nínú bọ́ọ̀sì, ẹni tó jókòó tì mí á mọ̀, nítorí mo máa ń pòṣé, mo máa ń fi ìka gún ojú fóònù bí ẹni tó fẹ́ fọ́ ọ. Lọ́jọ́ kan tí ọkọ̀ wa há sẹ́yìn àwọn tírélà sìmẹ́ńtì ní Dei-Dei ní Àbújá, ọkùnrin Haúsá kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi wo ojú fóònù mi títí, ó ní, "Kai, Hajiya, that horse don suffer o." Mo ní kó gbájú mọ́ tirẹ̀. Ó sì jàre, ẹṣin náà ti jìyà.

Bí mo ṣe ń ta á nìyí. Mo fẹ́ràn ayaba. Nínú ṣẹ́ẹ̀sì, òun ló lágbára jù: ó lè lọ síwájú, ó lè lọ sẹ́yìn, ó lè gba igun, ibi tó bá wù ú. Ọba, tí gbogbo ìjà tìtorí rẹ̀, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló lè gbé lẹ́ẹ̀kan. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ta á kọ́kọ́ kó àwọn kékeré jáde, wọ́n á fi ọba pamọ́ sí kọ̀rọ̀ kan kí wọ́n tó rán ayaba níṣẹ́. Èmi kọ́. Ìgbésẹ̀ kejì, ayaba mi ti wà níta, ó ń wá ẹni tí yóò jẹ. Bí ẹni tí mò ń bá ta bá jẹ́ ọ̀gbẹ̀rì, mo ti pa ọba rẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kẹrin, n ó sì rẹ́rìn-ín. Bí kì í bá ṣe ọ̀gbẹ̀rì, á fi ẹṣin lé e, á fi bíṣọ́ọ̀bù lé e, ayaba á máa sá káàkiri bí adìyẹ ọjọ́ ọdún, àwọn yòókù á ṣì jókòó sílé wọn. Mo mọ̀ pé kò dáa. Ọdún méjì ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Orí ayélujára ni mo ti ń ta á, pẹ̀lú àwọn èèyàn tí mi ò rí rí, tí mi ò sì ní rí. Ẹ̀rọ tó ń ṣètò eré náà máa ń fún oníkálukú ní nọ́ńbà kan tó fi ń wọn agbára rẹ̀. Bí o bá na èèyàn, nọ́ńbà rẹ á gòkè. Bí wọ́n bá nà ọ́, á já wálẹ̀. Ẹgbẹ̀rin ó lé díẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Ọdún kan gbáko ni mo fi lépa ẹgbẹ̀rún kan. Ọ́fíìsì ni mo wà lọ́jọ́ tí mo bá a, ní Utako, níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ fún àjọ kan tó ń rí sí ọ̀rọ̀ omi mímu. Mo fò sókè, mo da tíì sórí tábìlì. Kí a tó ṣíwọ́ iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, wọ́n ti nà mí nígbà márùn-ún léraléra, mo ti padà sí ẹgbẹ̀rún ó dín àádọ́ta.

Gbogbo nǹkan ni mo máa ń dá lẹ́bi àfi ara mi. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì. Iná. Àwọn agbèrò páàkì Utako tí wọ́n ń pe èrò Kaduna àti Lokoja lábẹ́ fèrèsé wa tí èèyàn ò fi lè ronú. Ṣùgbọ́n àwọn tí mo kórìíra jù ni àwọn tó ń fi aago jẹni níyà. Ẹni tó rí i pé òun ti kú, tí ọba rẹ̀ ò níbi tí yóò sá sí mọ́, ṣùgbọ́n tí kò ní gbà. Á gbé fóònù sílẹ̀, á lọ wẹ̀, á fi aago sílẹ̀ kó máa ka lọ títí tí yóò fi tán, ìwọ á jókòó síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n so mọ́gi. Mo máa ń ṣépè fún irú wọn. Ojo ni wọ́n, mo sì máa ń sọ ọ́ sókè.

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ bàbá mi báyìí, nítorí ibẹ̀ ni ìbínú mi ti ní gbòǹgbò. Ẹ óò rí i pé "ó" ni mò ń pè é, mi ò pè é ní "wọ́n". Àgbà ìjọ kan tí mo fi ìwé yìí hàn ti bá mi wí. Ẹ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ ná. Mo ń bínú.

Ọgbọ̀n ọdún ló fi ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan ní Àbújá. Fáìlì ló ń kọ, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sì gún bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Ìjẹ̀bú ni òun àti màmá mi ti wá, Yorùbá ni wọ́n sì ń bá ara wọn sọ nínú yàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀kùn bá ti ṣí, Gẹ̀ẹ́sì ni. Òfin wà nínú ilé wa: ọmọ tó bá sọ Yorùbá nídìí oúnjẹ á dìde dúró jẹun. Ó ní Yorùbá á ba ẹnu wa jẹ́, pé bí a bá dé iwájú àwọn tí yóò gbà wá síṣẹ́, ahọ́n wa á wúwo. Mo dìde jẹun lẹ́ẹ̀mejì, mo gbọ́n. Haúsá àti Pijin ni mo ń bá àwọn ọmọ àdúgbò sọ. Yorùbá wọ etí mi bí rédíò ará ilé kejì: mò ń gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi ló ń bá wí. Mo máa ń mọ̀ bí wọ́n bá ń bú mi. Mi ò lè kọ gbólóhùn kan. Yorùbá tí ẹ ń kà yìí, mo ti dàgbà kí n tó kọ́ ọ, ìbínú ló sì kọ́ mi.

Màmá mi kú. Bàbá mi fẹ̀yìn tì, ó kó lọ sí Kwali níbi tó kọ́lé sí, ó gbin iṣu, ó gbin ọsàn. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Ànti, wá láti ìlú wa láti máa gbé pẹ̀lú rẹ̀. Lọ́dún kejì, àrùn ẹ̀gbà kọ lu bàbá mi.

Ó mú ọwọ́ ọ̀tún, ó mú ẹsẹ̀ ọ̀tún díẹ̀, ó wọ́ ẹnu rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọ̀rọ̀ kò jáde níbẹ̀ mọ́, àfi ìró. Ẹ wá gbọ́ èyí tó bí mi nínú jù: ó kó Gẹ̀ẹ́sì lọ. Dókítà ní ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn, pé èdè tí èèyàn kọ́ lẹ́yìn lè lọ, kí èyí tó bá a délé ayé ṣẹ́ kù. Bí a bá fún un ní bírò, ọwọ́ òsì rẹ̀ á kọ Yorùbá gbágungbàgun. Bí a bá kọ Gẹ̀ẹ́sì síwájú rẹ̀, á kàn máa wò ó ni. Ọgbọ̀n ọdún fáìlì, ó lọ bí omi. Ọkùnrin tó ní kí ọmọ rẹ̀ dúró jẹun nítorí Yorùbá wá di ẹni tí kò ní èdè mìíràn, èmi ọmọ rẹ̀ sì di ẹni tí kò lè kọ ìwé sí i. Ta ni kí n bínú sí? Òun ni mo bínú sí. Mò ń nu itọ́ ẹnu rẹ̀, mo sì ń bínú sí i.

Èmi náà ni mo gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rò pé òun ṣì lè fi ọwọ́ òsì wakọ̀. Mo gbé kọ́kọ́rọ́ náà lọ sí Dei-Dei níbi tí mò ń gbé. Lọ́jọ́ tí mo gbà á, ó fi ọwọ́ òsì lu tábìlì títí ife fi ṣubú. Odidi oṣù kan ni kò fi wo ojú mi.

Obìnrin tó ń bá a na ọwọ́ nílé ìwòsàn ló ní kí a wá nǹkan tí yóò máa fi ọwọ́ òsì àti ọpọlọ ṣe. Mo gbé ṣẹ́ẹ̀sì sórí fóònù rẹ̀. Mi ò retí nǹkan kan. Mo ṣàlàyé bí oníkálukú ṣe ń rìn, mo ń fi ọwọ́ júwe nítorí ọ̀rọ̀ ò tó mi. Ó wo bọ́ọ̀dù náà títí, ó gbé ẹṣin kan, ó dá a padà. Ànti ní, "Nígbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ọ́ nílé, kò sẹ́ni tó lè jókòó ti ayò pẹ̀lú wọn. Fi wọ́n sílẹ̀, wọ́n á mọ̀ ọ́n." Nítorí ọwọ́ rẹ̀ tí kò yá, àti nẹ́tíwọ̀ọ̀kì Kwali tó ń wá tó ń lọ, a yan irú èyí tó ń fún èèyàn ní ọjọ́ mẹ́ta lórí ìgbésẹ̀ kan. Eré kan lè gbà tó oṣù méjì. Àyè kékeré kan wà lábẹ́ bọ́ọ̀dù náà tí èèyàn lè kọ ọ̀rọ̀ sí. Ibẹ̀ ni bàbá mi ti tún ní ẹnu.

Ìka kan ló fi ń tẹ̀ ẹ́. Kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀, bí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ti í fi sí i lórí fóònù. Mo máa ń ka ọ̀kọ̀ọ̀kan sókè, n ó máa yí ohùn rẹ̀ padà bí ẹni tó ń dán kọ́kọ́rọ́ wò lára ilẹ̀kùn, títí yóò fi jọ nǹkan tí mo gbọ́ rí láti inú yàrá àwọn òbí mi. Èyí tó kọ́kọ́ kọ sí mi nìyí, èmi ni mo fi àmì sí i: "Ṣé ayaba rẹ ò nílé ni?" Mo rẹ́rìn-ín, mo sì tún bínú. Nígbà tó ṣe, ó tún kọ òmíràn: "O ní ọjọ́ mẹ́ta, o lo ìṣẹ́jú kan. Ta lò ń tọ́jú ìyókù dè?"

Ní oṣù karùn-ún tí a ti ń ta á, ó nà mí. Wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Mo gbà. Ṣùgbọ́n èmi ni mo kọ́ ọ ní eré yìí! Mo pa fóònù fún odidi ọjọ́ kan, ọ̀gá mi ní ọ́fíìsì wá mi títí.

Bàbá mi kì í lé nǹkan. Ó máa ń kà. Á jẹ́ kí o jẹ ọmọ ogun kan, á jẹ́ kí o jẹ méjì, á máa to tirẹ̀ jọ díẹ̀díẹ̀, títí ìwọ fúnra rẹ á fi rí i pé gbogbo ibi tí o fẹ́ gbà ti dí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó. Ọjọ́ mẹ́ta pọ̀ fún ìbínú. Bí inú bá bí mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́, á ti rọ̀ lọ́jọ́ kejì, lọ́jọ́ kẹta mo wá ń rí ohun tí mi ò rí tẹ́lẹ̀. Mo kọ́ láti mú ayaba jókòó. Mo kọ́ láti fi ọba pamọ́. Nígbà tí mo bá ń bá àwọn àjèjì ta nínú bọ́ọ̀sì, ọwọ́ mi kì í yá bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, nọ́ńbà mi sì ń gòkè: ẹgbẹ̀rún kan, ó lé ọgọ́rùn-ún, ó lé igba. Lọ́jọ́ tó pé ẹgbẹ̀rún ó lé ọ̀ọ́dúnrún, mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Ó ní, "Ó kù."

Ìbẹ̀rẹ̀ òjò lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni mo ta eré tó dùn jù nínú ayé mi. Òun ni mo bá ta á. Mo fi ayaba mi sílẹ̀ fún bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Èmi! Mo gbé ayaba sójú ọ̀nà kó jẹ ẹ́. Ọjọ́ méjì àti ààbọ̀ ló fi rò ó, ó mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí i, ó jẹ ẹ́. Ìgbésẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ẹṣin mi àti ilé ìṣọ́ mi há ọba rẹ̀ mọ́ kọ̀rọ̀, ó parí. Ọ́fíìsì ni mo wà, ní àkókò oúnjẹ ọ̀sán. Mo jó yí tábìlì ká. Lójú ẹsẹ̀, ó pe eré tuntun, mo gbà á. Ó gbé ọmọ ogun kan síwájú, ó kàn mí. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọlé. Èyí, mo kọ ọ́ síbí bó ṣe rí gan-an:

Ota ni e. Emi ni ope. Mo ti mo tipe.

Mo kà á sókè. Ọ̀tá. Ọ̀tá ni mo mọ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, kò sí ọjọ́ ìsinmi tí a kì í gbàdúrà lórí ọ̀tá: ọ̀tá ilé, ọ̀tá òde, ọ̀tá tí kò fẹ́ ká jèrè. Bóyá ni ọ̀rọ̀ Yorùbá mìíràn wà tí mo mọ̀ tó o. Ọ̀tá ni ẹ́. Mo ti mọ̀ tipẹ́. Èyí tó wà láàárín, "Emi ni ope", mi ò rí ibi tí mo lè gbé e sí. Ṣé igi ọ̀pẹ ni? Ṣé ọpẹ́ tí à ń dá ni? Mo ní àìsàn ló kọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n mi ò ní àìsàn ló kọ ti àkọ́kọ́. Ẹ wo bí inú ṣe máa ń yan ohun tí yóò gbà gbọ́.

Gbogbo ara mi gbóná. Mo ní, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ni. Kò tíì gbàgbé kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Lẹ́yìn gbogbo ìrìn Kwali, lẹ́yìn gbogbo ilé ìwòsàn, lẹ́yìn tí mo ti fi ọdún kan àbọ̀ ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ṣa ìrẹsì, ọ̀tá. Ó sì ti mọ̀ tipẹ́. Oúnjẹ ọ̀sán mi wà níbẹ̀, mi ò lè jẹ ẹ́ mọ́. Mo lọ sunkún ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọ́fíìsì, mo fọ ojú, mo padà sídìí iṣẹ́.

Mi ò dá a lóhùn. Èmi ni ìgbésẹ̀ kàn, mi ò gbé e. Mo fi aago sílẹ̀. Ọjọ́ kìíní, ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹta, aago tán, ẹ̀rọ ní bàbá mi ló jẹ. Ó tún pe eré mìíràn, mo gbà á kí n lè fi dè é mọ́lẹ̀, mo tún fi aago sílẹ̀. Ìgbà mẹ́rin ni mo ṣe é. Èmi tí mo ti ṣépè fún irú wọn. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe, ó sì ń dùn mọ́ mi. Bí mo bá ní kò dùn mọ́ mi, irọ́ ni mo pa. Lẹ́yìn ìkẹrin, kò pè mí mọ́.

Òjò rọ̀ lọ, oko yọ. Mi ò dé Kwali. Ànti pè mí nígbà kan, ó ní, "Bàbá rẹ ń bèèrè rẹ."

Mo ní, "Ànti, bàbá tí kò lè sọ̀rọ̀, báwo ni wọ́n ṣe bèèrè mi?"

Ó ní, "Ó dáa," ó sì pa fóònù. Mo mọ̀ pé mo ti sọ ohun tí kò yẹ. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo mọ òwe náà lónìí. Nígbà náà, ohun tó wà lẹ́nu mi nìkan ni mo mọ̀.

Ní gbogbo àsìkò yẹn, ṣẹ́ẹ̀sì mi bàjẹ́. Ayaba tún jáde ní ìgbésẹ̀ kejì. Mo ń ta eré ogún lóòjọ́, mo ń bú àwọn èèyàn tí mi ò mọ̀, ẹ̀rọ fi ìyà jẹ mí lẹ́ẹ̀mejì nítorí èébú tí mo kọ. Ẹgbẹ̀rún ó lé ọ̀ọ́dúnrún di ẹgbẹ̀rún kan géérégé. Ó tún já ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí ọyẹ́ dé, mo ti padà sí ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo wo nọ́ńbà yẹn lórí ìjókòó bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ kan, mo ní, bàbá mi ló fà á. Mo ní n ó lọ bi í léèrè lójúkojú.

Ọjọ́ Sátidé ni mo lọ. Mo wọ ọkọ̀ ní páàkì Utako, mo sọ̀ ní Kwali níbi tí wọ́n ti ń to ìkòkò amọ̀ sẹ́bàá títì, mo gun ọ̀kadà wọ inú. Eruku ọyẹ́ bo gbogbo ewé ọsàn. Bàbá mi jókòó sábẹ́ igi níwájú ilé, fóònù wà lórí itan rẹ̀. Ó ti gbẹ. Nígbà tó rí mi, ọwọ́ òsì rẹ̀ dìde. Mi ò jẹ́ kí ojú mi rọ̀. Mo kúnlẹ̀ ààbọ̀, mo dìde, mo ṣí ibi tí ọ̀rọ̀ náà wà lórí fóònù mi, mo nà án sí i.

"Dádì, ọ̀tá yín ni mí?"

Ó wo fóònù, ó wò mí. Ó mi orí sọ́tùn-ún sósì, ó tún mi orí, orí náà ń mì títí mo fi rò pé àrùn náà tún ti dé. Ó pa ẹnu rẹ̀ pọ̀, ó sì fi imú kùn, ìró méjì. Mo ní, "Kí ni?" Ó tún un kùn. Ìró kan wà nísàlẹ̀, èkejì gòkè díẹ̀ ó sì dúró. Mo rò pé inú ló ń run ún.

Ànti ti jáde láti ilé ìdáná. Ó ní, "Ọ̀ta ni wọ́n ní."

"Mo mọ̀. Mo kà á."

"O ò kà á. O ní ọ̀tá. Wọ́n ní ọ̀ta." Ó sọ ọ́ bí bàbá mi ṣe kùn ún: dò, re. Tèmi, dò mí ni. "Ẹni tó mọ ayò ta, tí kò sẹ́ni tó lè nà án, ọ̀ta là ń pè é. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ta, ọ̀pẹ̀ nìyẹn. Wọ́n ní ìwọ ni ọ̀ta, àwọn ni ọ̀pẹ̀. Wọ́n yìn ọ́! Bàbá rẹ tí kì í yin èèyàn!"

Bàbá mi ń fi ọwọ́ òsì tọ́ka sí Ànti, ó ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Ó tún kùn: dò dò. Ọ̀pẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan àyà ara rẹ̀.

Mo bi Ànti léèrè bó ṣe mọ ohun tí ó ń kùn. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo aláìgbọ́n. "Ṣé o rò pé odi ni wọ́n ni? Ohùn ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu wọn, ọ̀rọ̀ gan-an ni kò lè jáde. Bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ yìí nìyẹn. Bí wọ́n ṣe bèèrè rẹ náà nìyẹn."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bí mo bá ti pè é lórí fóònù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí mo dákẹ́ láti gbọ́, dò re ni ǹ bá gbọ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e dé láti ilé ìwòsàn, mi ò pè é rí. Mo ti ní kò lè sọ̀rọ̀. Bí mo bá sì pè é, ṣé ǹ bá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ló ń sọ?

Ànti ò tíì sọ tán. Inú ń bí òun náà, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. "Nígbà tí o ò bá wọn ta mọ́, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n sọ fún ọ pé kí o tún bá wọn ta. Wọ́n ní rárá. Wọ́n ní ọ̀ta kì í fi àkókò ṣòfò lọ́dọ̀ ọ̀pẹ̀. Wọ́n ní kí àwọn kọ́ eré náà dáadáa ná, kí àwọn tó tún pè ọ́." Ó gba fóònù lórí itan bàbá mi, ó gbé e lé mi lọ́wọ́.

Ẹ̀rọ ló ń bá ta. Láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò títí di àárọ̀ ọjọ́ náà, ojoojúmọ́, ó ń bá ẹ̀rọ ta. Mo ń fi ìka yí i lọ sísàlẹ̀, kò tán. Wọ́n nà án, wọ́n nà án, wọ́n nà án. Ọjọ́ tí mo fi aago àkọ́kọ́ sílẹ̀, ó ta eré mẹ́ta, wọ́n nà án lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó na ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan. Bàbá mi, pẹ̀lú ìka kan, ń kọ́ṣẹ́ kí ọmọ rẹ̀ lè gbà láti bá a ta.

Ó yẹ kí n kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Mi ò lè ṣe é. Ìbínú tó wà nínú mi kò lọ, ó kàn rí ilé rẹ̀ gan-an ni. Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu, mo rántí pé kò ní gbọ́. Mo wá ní láti fi Yorùbá tí kò kọ́ mi sọ fún un pé kò kọ́ mi.

Mo ní, "Dádì, ẹ̀yin lẹ ò kọ́ mi. Mo fẹ́ gbọ́. Mo wà lẹ́nu ilẹ̀kùn yín, mo ń gbọ́ yín lọ́dọ̀ Mọ́mì, ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin lẹ ti ilẹ̀kùn. Ẹ ní kí n dìde jẹun. Kí lẹ fẹ́ kí n fi kà á?"

Kò sí àmì ohùn kan tó jókòó sí àyè rẹ̀ nínú gbogbo ohun tí mo sọ. Mo mọ̀ nítorí pé Ànti ń fi ẹnu tún un sọ jẹ́jẹ́ lẹ́yìn mi, bí ẹni tó ń ṣẹ́ aṣọ létí. Ṣùgbọ́n bàbá mi gbọ́. Ojú rẹ̀ fi hàn pé ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó fẹ́ kùn, kò kùn. Ó na ọwọ́ òsì gba fóònù rẹ̀, ó tẹ orí ba, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́. Ó pẹ́. Ó kọ, ó pa á rẹ́, ó tún kọ. Fóònù tèmi dún lọ́wọ́ mi. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni:

Ma binu.

Bí a bá sọ ọ́ ní kúkúrú, ẹ̀bẹ̀ ni: má bínú. Bí a bá fà á gùn díẹ̀, ìyọ̀ǹda ni: máa bínú. Ànti na ọwọ́ pé kí n gbé e wá kí òun bá mi kà á. Mi ò fún un. Bàbá mi pa ẹnu pọ̀, ó ń retí kí n ní kí ó kùn ún fún mi. Mi ò ní kí ó kùn ún. Mo fà sún mọ́ ọn lábẹ́ igi ọsàn, mo kà á lọ́nà méjèèjì, títí di òní, méjèèjì náà ni mò ń ṣe.